Orí Kẹfà: Ìwọ̀n Ni Ó Pààlà Láàrin Oró àti Oògùn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba orí Afárá Carter wọ Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ní òwúrọ̀, tí ó sì yà sí Ìdúmọ̀tà kí oòrùn tó mú, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan àwọn ìsọ̀ tí wọ́n to páálí oògùn sí gègèrè láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí àwọn alábàárù ń ké àgò lójú ọ̀nà, tí àwọn oníkẹ́míìsì tí wọ́n ti ìlú òkèèrè wá sì ń ná ọjà lọ́tùn-ún lósì. Nínú páálí wọ̀nyí ni amlodipine àti lisinopril wà, ibẹ̀ náà ni Moduretic àti Lasix wà, àwọn orúkọ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ̀ bí ẹni mowó. Kò jìnnà síbẹ̀, ní ọ̀nà Jánkárà, àwọn lékuléja àti ẹlẹ́wé-ọmọ jókòó ti egbò, èèpo igi àti ewé gbígbẹ, àwọn náà sì ní èsì fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wò ó pé ọjà méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà, pé ti òyìnbó ni ọ̀kan, ti baba wa ni èkejì, àti pé ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀kan ti kọ èkejì sílẹ̀ nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn ọkàn àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń dì sínú páálí, inú igbó, inú koríko àti inú oró ẹranko ni ó ti jáde. Ohun tí ó sì sọ wọ́n di ohun tí a lè fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́ ni ìwọ̀n: kí a mọ iye tí ó wà nínú hóró kan, kí a mọ wákàtí tí a ó lò ó, kí a sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Nítorí náà ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ àìsàn tí à ń wò. Ọkàn ẹni jẹ́ ẹran líle kan tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ, tí ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, tí ó sì ń fi lílù náà ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, sí kíndìnrín, sí ojú àti sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni ìfúnpá. Nọ́ńbà òkè ni ti ìgbà tí ọkàn fún ara rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ó sinmi. Bí ti òkè bá ń tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá ń tó 90, tí a wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò sì yí padà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé. Ẹ wo rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi láti ibi ẹ̀rọ wọ inú agboolé: bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, tàbí tí ẹnìkan fún rọ́bà náà pọ̀, tàbí tí ẹ̀rọ ń tì í kíkankíkan, rọ́bà yóò le, yóò wú, ibi tí ó ti gbó jù lọ ni yóò sì ti bẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta náà ni a lè gbà dẹ̀ ẹ́: kí a dín omi kù, kí a tú rọ́bà sílẹ̀, tàbí kí a mú kí ẹ̀rọ rọra. Kò sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, tàbí méjì pa pọ̀.

Ibi tí àìsàn yìí ti burú ni pé kì í kan ìlẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọdún púpọ̀ lè kọjá tí ẹni tí ó ń gbé e kiri yóò máa jẹ, yóò máa mu, yóò máa re òde àríyá, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí apá kan yóò kọ̀ láti gbé, tí ẹnu yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn ará ilé yóò máa wá ẹni tí ó sà sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé, ọmọ bíbí Oǹdó, tí ó tẹ ìwé kan jáde ní 1972 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà, ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó yẹ àwọn àrùn tí kì í ràn wò káàkiri Nàìjíríà. Àbọ̀ wọn, tí ó jáde ní 1997, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ọmọ ọdún 15, bí 11 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sì lò nígbà náà, 160 lókè àti 95 nísàlẹ̀, ga ju ti òde òní lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi 140 àti 90 wọn àwọn ènìyàn kan náà, iye wọn ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọdún ti gorí ọdún tí Akínkùgbé ti sọ tẹ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí inú igbó. Igi asọ́féyẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria, kì í ṣe àjèjì sí oníṣègùn Yorùbá; egbò rẹ̀ ni àwọn adáhunṣe fi ń tọ́jú wèrè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí ó ń mú ara rọ̀, ó sì ń fa oorun. Igi yìí ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ náà ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1949, Dókítà Rustom Jal Vakil ti ìlú Bombay kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé egbò náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Nígbà tí ó di 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ CIBA ní Switzerland ti yọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde, wọ́n sì pè é ní reserpine. Wọ́n wá a lára asọ́féyẹjẹ tiwa, wọ́n bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1960 ni Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti ń fi igi náà wo wèrè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá ra Brinerdin ní Ìdúmọ̀tà, reserpine wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù ni, pẹ̀lú oògùn mìíràn tí ń mú ni tọ̀. Àwọn dókítà ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn aláìsàn rí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó burú lára àwọn kan nínú wọn. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń fún ni. Ta ni yóò wá sọ iye tí ó wà nínú ìgò àgbo tí a rẹ egbò asọ́féyẹjẹ sí, nígbà tí egbò igi kan kò lágbára bí ti èkejì, tí ògógóró tí a fi rẹ ẹ́ sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí yóò ṣe lára?

Ìtàn kan tún wà tí ó bá èyí dọ́gba. Ní 1775, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Withering, gbọ́ nípa àgbo kan tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire ń sè fún àwọn tí ara wọn wú fún omi, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbádùn lẹ́yìn tí àwọn dókítà ti jáwọ́. Ewé inú àgbo náà tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Withering yẹ̀ wọ́n wò títí ó fi dá a lójú pé ewé foxglove nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó sì fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí lára àwọn aláìsàn kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785. Iyì rẹ̀ lójú mi kò sí nínú wíwá ewé rí, nítorí ìyá arúgbó ti ṣíwájú rẹ̀. Iyì rẹ̀ ni pé ó kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ó sì kọ àmì tí yóò sọ fún ni pé ó ti tó kí a dáwọ́ dúró: èébì, ojú tí ń rí ohun gbogbo ní pupa rúsúrúsú tàbí ní àwọ̀ ewé, àti ìlù ọkàn tí ó falẹ̀ jù. Digoxin, tí a yọ lára ìbátan ewé náà ní 1930, ni a ń lò lónìí fún ọkàn tí agbára rẹ̀ ti tán àti èyí tí lílù rẹ̀ ti dàrú. Hóró tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílígíráàmù kan lọ, àwọn àmì tí Withering kọ sílẹ̀ sì ni a ṣì ń ṣọ́.

Àwọn ọdẹ Yorùbá náà ní ìṣá, tí wọ́n ń fi hóró rẹ̀ ṣe oró ọfà. Ìbátan ìṣá ni wọ́n ń lò fún ọfà lẹ́bàá odò Zambezi nígbà tí John Kirk bá Livingstone rin ìrìn àjò ibẹ̀; oró náà kan búrọ́ọ̀ṣì tí Kirk fi ń fọ eyín nínú àpò rẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé ìlù ọkàn òun falẹ̀. Thomas Fraser ní Edinburgh ni ó wá yẹ oró náà wò tí ó sì sọ ọ́ di oògùn ọkàn, ẹgbẹ́ digoxin nínú iṣẹ́. Ohun tí ń mú ẹfọ̀n wó lulẹ̀ nínú ijù ni a ṣẹ́ kù títí ó fi di ohun tí ń gbé arúgbó dìde lórí àkéte.

Kí ẹni tí ó ń lo digoxin má sì ṣe rò pé ìwọ̀n jẹ́ ohun tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan tí ó parí. Lasix, tí a sábà máa ń fún un pẹ̀lú rẹ̀ kí omi lè fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, a máa fa pòtásíọ̀mù jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Bí pòtásíọ̀mù bá sì lọ sílẹ̀, digoxin tí ó bá ara mu lánàá lè di oró lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rò pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà.

Lisinopril ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ejò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn Àgùdà ti padà wá tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, ejò kan wà tí wọ́n ń pè ní jararaca, tí ìfúnpá ẹni tí ó bá bù jẹ máa ń já wálẹ̀ lójijì. Sérgio Ferreira, ọmọ ilẹ̀ náà, yẹ oró rẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1960. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Cushman àti Ondetti ti ilé iṣẹ́ Squibb ti rí ọ̀nà ṣe captopril, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981, lisinopril sì ni àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti tú iṣan sílẹ̀, wọ́n sì ń dáàbò bo kíndìnrín, pàápàá lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kò gbóògùn ikọ́, ó sì tún lè ṣẹlẹ̀, lára wa aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn ẹlòmíràn lọ, pé ètè, ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun yóò wú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ọsibítù ni kí a gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì fẹnu kan oògùn náà mọ́ láyé rẹ̀.

Bí lisinopril àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dá nìkan ṣiṣẹ́ lára ọmọ Áfíríkà, agbára wọn kì í sábà tó. Ìbéèrè náà ni bí a ṣe yẹ kí a so oògùn méjì pọ̀ fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá ìdáhùn sí i nínú ìwádìí CREOLE, tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019. Ohun tí wọ́n rí ni pé amlodipine pẹ̀lú oògùn tí ń mú ni tọ̀, tàbí amlodipine pẹ̀lú perindopril tí ó jẹ́ ìbátan lisinopril, mú ìfúnpá wálẹ̀ ju perindopril àti oògùn tí ń mú ni tọ̀ láìsí amlodipine lọ. Inú mi dùn púpọ̀ sí iṣẹ́ yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ara àwọn ẹlòmíràn wọn oògùn tí a ń gbé mì.

Amlodipine, tí ó tú ẹran ara ògiri iṣan sílẹ̀, ni ó dàbí ẹni pé ó yẹ wá jù, ó sì ń pẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó. Ẹsẹ̀ a máa wú àwọn mìíràn tí ń lò ó, wọn a sì wò ó pé kíndìnrín ti bàjẹ́, wọn a dá a dúró láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ìwú náà kì í sábà ṣe àmì kíndìnrín, ó sì ní ohun tí dókítà lè ṣe sí i. Ti propranolol àti atenolol, tí ń mú kí ọkàn rọra lù, ìkìlọ̀ méjì péré ni mo ní: kí oníkọ́ fée má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, kí ẹni tí ó ti ń lò wọ́n má sì ṣe já wọn sílẹ̀ lójijì, nítorí ọkàn tí a ti dá lẹ́kun a máa gbéra sọ bí a bá tú u lẹ́ẹ̀kan náà.

Oògùn tí ń mú ni tọ̀ wà lára èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí a ń lò jákèjádò ayé, láti ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù. Iyọ̀ ni ó ń lé jáde, omi sì ń tẹ̀lé iyọ̀. Ẹ bi àwọn ìyá tí ń tajà ní Òkè Àrìn tàbí ní Balógun léèrè ìdí tí wọn kì í fi lò ó bí ó ti yẹ, wọn yóò sọ ọ́ fún yín: kò sí ibi tí ènìyàn iyì lè ti ṣe gáá nínú ọjà. Wọn a fò ó ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ sì ni ọjọ́ ọjà. N kò lè bá wọn wí. Ìjọba tí kò kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́ sí inú ọjà ní ìpín nínú rọpárọsẹ̀ tí ń dá ìyá ọlọ́jà dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí ìyá fò ó, kí ó sọ ìṣòro náà fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún un sí ìgbà tí ó bá padà dé ilé, tàbí kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí oògùn ẹni kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lílò ojoojúmọ́ ni ewé tí ó máa ń kù. A mọ ibà, tí a lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó lọ. Nítorí náà ẹni tí wọ́n wọ̀n tí bípí rẹ̀ ti wálẹ̀ a máa rò pé òun ti bọ́, yóò kó káàdì oògùn tí ó kù fún àbúrò rẹ̀ tí orí ń fọ́. Oògùn náà kò wo àìsàn yìí tán. Ó dá a dúró ni, ọjọ́ tí a bá sì dáwọ́ dúró ni òun náà yóò tún gbéra.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan tú ohun tí ọwọ́ kejì ń dì. Ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn alábàárù àti oníṣẹ́ agbára ń gbé mì fún ara ríro, a máa mú ìfúnpá gòkè, wọn a máa dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ kọ́, wọn a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Aspirin náà ní ìwọ̀n méjì tí kò jọra: mílígíráàmù 75 lójúmọ́ ni dókítà ń fún ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì, ṣùgbọ́n Alábùkún, ìyẹ̀fun tí Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlátẹ̀ gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918, tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀, aspirin tí ó wà nínú ìdì rẹ̀ kan ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ nítorí ọkàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga gan-an tí ó ń lò ó bẹ́ẹ̀ ń pe ìṣànjẹ̀ sí ọpọlọ àti sí inú. Ti warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ewédú àti ẹ̀fọ́ inú àwo wa lè dín agbára rẹ̀ kù. A kò ní kí a má jẹ wọ́n, a ní kí jíjẹ wọn máa ṣe déédéé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí orí bí a ti ń jẹ wọ́n ni dókítà gbé ìwọ̀n rẹ̀ kà.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onítṣà àti ti Aba, wọ́n sì kó ayédèrú oògùn àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá jáde. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, bí ó tilẹ̀ ni àwọn oníṣòwò olóòótọ́ lára. Hóró amlodipine tí kò sí amlodipine nínú rẹ̀ kò ní pa ẹni tí ó gbé e mì lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìfúnpá ni yóò máa gòkè, wọn yóò sì máa wí pé oògùn kò bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Oògùn gidi pàápàá, tí a kọ sí ara rẹ̀ pé kí a má ṣe fi sí ibi tí ó gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ, kí ni yóò kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lábẹ́ páànù Ìdúmọ̀tà? Owó oògùn náà ti gòkè, pàápàá láti 2023 tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kógbá wọlé ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn sì ń wá èyí tí owó rẹ̀ bá wọn mu kiri. Kí wọ́n wá a lọ́dọ̀ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì béèrè èyí tí a kò fi orúkọ ńlá tà. Èròjà kan náà ni, owó rẹ̀ sì fúyẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ Mùsùlùmí, ààwẹ̀ Ramadan sì wà lára ohun tí ó yẹ kí a bá dókítà sọ ṣáájú kí oṣù tó lé. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò nira láti bọ́ sí sààrì tàbí ìṣínu. Èyí tí a ń lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ní láti yí padà, èyí tí ń mú ni tọ̀ sì gba ìṣọ́ra nítorí òùngbẹ ọ̀sán.

Àwọn tí ìwọ̀n kàn jù lọ ni àwọn aláboyún, tí Ọsibítù Ìgbẹ̀bí ti Erékùṣù Èkó ń gbà lójoojúmọ́. Lisinopril, captopril àti gbogbo ìran wọn a máa ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Obìnrin tí ó ń lò wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú kí ó tó wá oyún, tàbí ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i pé oṣù òun fò, kí wọ́n lè fi methyldopa, nifedipine tàbí labetalol rọ́pò wọn, kí ó sì mú káàdì oògùn tí ó ń lò dání lọ fún ìforúkọsílẹ̀. Bí ó bá sì ti bí, kí wọ́n má ṣe gbà pé ewu ti kọjá: láàrin ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá máa ń ga jù, gìrì sì lè gbé ìyá ọmọ ní ilé, nígbà tí àwọn ẹbí ń palẹ̀ ìkómọ mọ́, nítorí náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà.